Sylvanus Olympio: Ọmọ Àgùdà Tó Fẹ́ Kí Tógò Ní Owó Tirẹ̀

Ẹni tí a mú wá sí ojú ewé Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí ni Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Tógò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n sí ààrẹ tí àwọn sọ́jà pa ní January 1963, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sì máa ń parí sí. Ní tiwa, ikú ọkùnrin náà ti bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni, ọ̀gá nídìí òwò ni, ó sì kú nígbà tí ètò àtidá báńkì àpapọ̀ Tógò sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yìí ni a fẹ́ tọ̀ láti kékeré rẹ̀ títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ojú tí Olympio fi ń wo owó kò lè mọ ìdí tí ayé rẹ̀ fi rí bí ó ṣe rí.

Láti Notsé ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé, tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Lomé. Wọn kò bí Olympio síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan àwọn Ewe, Notsé sì ni àwọn Ewe, ì báà ṣe ti Tógò ì báà ṣe ti Gánà, ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìlú tí àwọn baba ńlá wọn ti tú ká. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn a máa mẹ́nu ba Kétu àti Tado kí ó tó kan Notsé, nítorí náà kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Wọ́n ní ọba kan tó ń jẹ́ Agokoli mọ odi yí ìlú náà ká, ó sì ni àwọn ènìyàn lára títí wọ́n fi dá odi lu lóru. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde, kí ẹni tó bá rí ipasẹ̀ wọn lè rò pé ṣe ni wọ́n ń wọlé. Àwókù odi náà ṣì wà ní Notsé títí di òní.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tún ní nǹkan kan láti fi kún un. Orúkọ Ewe yìí kì í ṣe ewé igi o. Kọ́ńsónáǹtì àárín rẹ̀, tí wọ́n ń kọ báyìí ʋ, jẹ́ àfúnnupè afèjì-ètè-pè, irú èyí tí a kò ní nínú èdè Yorùbá. Bí ahọ́n àjèjì bá yẹ̀, tó sọ ọ́ di afeyínfètèpè, ohun tó pè di èvè, tí í ṣe méjì. Àwọn olùkọ́ fonẹ́tíìkì kì í yé fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe àpẹẹrẹ. Kò sì pẹ́ rárá tí àwọn òyìnbó fi pín àwọn Ewe sí méjì lóòótọ́.

Ọjọ́ 6 oṣù September, ọdún 1902, ni wọ́n bí Olympio ní Kpandu, ìlú tó wà lábẹ́ ìjọba Jámánì nígbà náà, tó sì ti di ara Gánà báyìí. Epiphanio bàbá rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò. Francisco, bàbá bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tó ti Brazil wá sí etíkun wa ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì fìdí kalẹ̀ sí Agoué, ní ilẹ̀ Dàhòmì. Àwọn Àgùdà ni à ń wí, àwọn kan náà tí Èkó, Porto-Novo àti Ouidah mọ̀ dáadáa. Nígbà tí Lomé di olú ìlú, Octaviano, arákùnrin bàbá rẹ̀, wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀, ó ní oko àgbọn ńlá, ó sì ń tajà lọ́tùn-ún lósì. Inú ilé tí wọ́n ti ń fi ìwé ṣírò èrè ni ọmọ yìí dàgbà sí. Iléèwé àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti Jámánì ló lọ ní Lomé, èdè Jámánì sì wọ̀ ọ́ lára.

Owó máàkì ni wọ́n ń ná ní Tógò nígbà náà. Ohun tí àwọn Jámánì sì ń wá níbẹ̀ kò fara sin: òwú fún àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wọn. Ní 1901, wọ́n mú àwọn ọmọ iléèwé Tuskegee, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, wá sí Tógò láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà òwú tuntun. Ní 1904, ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dá iléèwé òwú sílẹ̀ ní Notsé yìí. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ wá láti oríṣiríṣi agbègbè kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń gbin òwú tí ọkọ̀ ojú omi yóò kó lọ, ojú irin tí wọ́n sì ń là láti Lomé lọ sí Atakpamé gba Notsé kọjá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbin òwú, tí wọ́n ń ran án, tí wọ́n ń hun ún, kí Jámánì kankan tó dé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe bí a ti ń gbin òwú, bí kò ṣe ẹni tí a ó máa gbìn ín fún.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní August 1914, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba Tógò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ di Lomé mú, owó ṣílè sì gbòde. Ní 1920, wọ́n fa Lomé lé Faransé lọ́wọ́, ó wá di owó faran. Ẹ wo ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, tó ti fi owó orílẹ̀-èdè mẹ́ta ra búrẹ́dì nínú ìlú kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn onílùú léèrè lẹ́ẹ̀kan. Àwa tí àgbà wa ṣì ń pe ọ̀kẹ́ àti egbèje nígbà tí wọ́n bá ń ka owó, a mọ̀ pé bí owó bá kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa pẹ́ lẹ́nu ju ara rẹ̀ lọ.

Olympio lọ sí London, ó ka ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé àti òwò ní London School of Economics, ó sì gba oyè ní 1926. Ọdún yẹn gan-an ni ojú faran Faransé rí màbo. Kí ogun 1914 tó dé, faran bíi 25 ló ń gba pọ́n-ùn kan. Ní July 1926, ó ti kọjá 240. Ìgbà tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1928, nǹkan bí 124 ni ó dúró sí. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń kà nínú ìwé ní London ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àpò àwọn ará ilé rẹ̀ ní Lomé. A kò lè wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún wa láti gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá lára rẹ̀ lásán.

Iléeṣẹ́ Lever Brothers ló gbà á síṣẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní Gold Coast, kí ó tó padà sí Lomé. Ìgbà tí wọ́n da àwọn iléeṣẹ́ ńlá pọ̀ di UAC ní 1929, ó wà nínú rẹ̀, nígbà tó sì yá ó di ọ̀gá UAC fún gbogbo Tógò. Ẹni tó bá mọ ohun tí UAC jẹ́ láyé ìgbà náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ipò tí wọ́n máa ń fún adúláwọ̀. Kòkó, kọfí, ekùrọ́ àti òwú ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, aṣọ àti irin iṣẹ́ ń wọlé. Èdè Ewe, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Pọtogí yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, a kò sì gbọ́dọ̀ ka ìyẹn sí ọ̀ṣọ́ lásán. Kọ̀ǹpìnnì Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá ṣiṣẹ́, lábẹ́ ìjọba Faransé, ní ìlú tí Jámánì ti ṣàkóso rí, pẹ̀lú àwọn oníbàárà tó ń sọ Ewe.

Ìgbà tí ogun kejì dé, ìjọba Vichy tó wà ní Dákà àti Lomé kò fọkàn tán ọmọ Àgùdà tó ń jẹun lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1942 wọ́n mú un, wọ́n sì lọ fi í pamọ́ sí Djougou, ní apá òkè Dàhòmì. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Faransé ti pàdánù rẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ kan wà tí ọ̀gá Faransé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lomé ní 1941, tí wọ́n ń pè ní Comité de l'Unité Togolaise, CUT. Olympio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn. Wọ́n borí nínú ìdìbò 1946, ó sì di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú Tógò.

Ní December 1947, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n fi sí abẹ́ ìtọ́jú, ní Lake Success, ní New York. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀. Ẹjọ́ àwọn Ewe ló gbé lọ. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà la ilẹ̀ wọn kọjá gba ẹ̀yìnkùlé ilé. Oko wà lápá kan, ilé wà lápá kejì. Ẹni tó bá gbé ẹrù òkùpẹ̀ rékọjá sanwó fún aṣọ́bodè, ẹni tó bá tajà ní ṣílè kò rí i ná ní ibi tí wọ́n ti ń gba faran. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè níwájú ìgbìmọ̀ náà pọ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò ló sọ fún wọn ohun tí ìlà orí máàpù ń ná ìyálọ́jà kan lójoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n yìn ín, ìlà náà sì wà níbẹ̀. Ní 1956, apá tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti darapọ̀ mọ́ Gold Coast, ó sì parí síbẹ̀. Kpandu tí wọ́n bí i sí di ilẹ̀ òkèèrè.

Láàárín ìgbà náà, Faransé kò jẹ́ kó sinmi. CUT pàdánù ìdìbò léraléra láti 1951. UAC gbé e lọ sí Paris, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1954, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó tó wà ní báńkì òkèèrè tí wọ́n ní kò fi tó ìjọba létí. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi òfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ dìbò, kò sì gbọ́dọ̀ díje. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí irú ẹ̀sùn tó jẹ́. Wọn kò fi ọ̀tẹ̀ kàn án, òfin owó ni wọ́n fi mú un: òfin tó sọ pé ọmọ Tógò kò gbọ́dọ̀ ní pọ́n-ùn kí Paris má mọ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí èrò báńkì àpapọ̀ ti wọ inú ayé rẹ̀, kí ó wo ibẹ̀ dáadáa.

Àna rẹ̀, Nicolas Grunitzky, tí wọ́n bí ní Atakpamé ní 1913, ni Faransé fi ṣe olórí ìjọba ní 1956. Ṣùgbọ́n Àjọ Àgbáyé rán àwọn alámòójútó wá síbi ìdìbò 27 April, 1958, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì jáde pẹ̀lú igbe Ablɔɖe, ọ̀rọ̀ Ewe tó túmọ̀ sí òmìnira. CUT borí. Olympio tí òfin ò jẹ́ kó díje ni wọ́n pè wá ṣe olórí ìjọba. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn náà, ní 27 April, 1960, Tógò gba òmìnira. Ní April 1961, wọ́n dìbò yàn án sí ipò ààrẹ.

Bí oníṣòwò ṣe ń ṣe ilé ìtajà ni ó ṣe ṣe ìjọba. Ohun tí kò bá wọlé, a kì í ná an. Ó dín ìnáwó kù, ó kọ̀ láti máa gba owó ìrànlọ́wọ́ Faransé dí ihò ìṣúná, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ń bá ọ dí ihò ní ẹ̀tọ́ láti wo inú ilé rẹ. Oríire rẹ̀ ni pé wọ́n ti rí phosphate ní Hahotoé àti Kpogamé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o lọ sí òkèèrè ní 1961. Ó tún wá ọ̀rẹ́ lọ sí ibi tí Faransé kò retí. Ó lọ sọ́dọ̀ Kennedy ní Washington ní March 1962, ó sì fojú sí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, tó wá yá Tógò lówó tí wọ́n fi kọ́ èbúté Lomé, èyí tí wọ́n ṣí ní 1968 lẹ́yìn tó ti kú. Pẹ̀lú Nkrumah ní Gánà, wọn kò gbọ́ ara wọn yé rárá. Nkrumah fẹ́ gbé Tógò mì, Olympio kò sì ṣe tán láti di ìpínlẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku owó. Faran CFA tí Tógò ń ná, December 1945 ni Faransé dá a sílẹ̀. Láti 1960, 50 faran CFA ni faran tuntun Faransé kan. Iye yìí kì í yẹ̀, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń yìn ín: oníṣòwò mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n owó òkèèrè tí kòkó àti kọfí bá mú wọlé, inú àpò ìjọba Faransé ní Paris ni ó ń lọ, kí wọ́n lè fi ṣe ìdúró fún iye náà. Báńkì tó ń tẹ owó ọ̀hún, BCEAO, Paris ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Faransé kan, Robert Julienne, ni ọ̀gá rẹ̀. Bí Paris bá sì dín iye faran tirẹ̀ kù, CFA bá a lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìparí December 1958, nígbà tí Olympio ti di olórí ìjọba. Ìjọba Faransé gé faran kù ní ìdá tó lé ní 17 nínú ọgọ́rùn-ún nítorí ìṣòro tiwọn. Àgbẹ̀ kòkó Kpalimé kò mọ ohun tó ṣe tí ọjà òkèèrè fi wọ́n sí i fún un.

Ní apá ọ̀tún àti apá òsì Tógò, nǹkan ti yí padà. Gánà ti ní báńkì tirẹ̀ láti 1957, ó sì tẹ pọ́n-ùn tirẹ̀ ní 1958. Nàìjíríà ṣí Báńkì Àpapọ̀ tirẹ̀ ní July 1959. Síbẹ̀, òyìnbó, Roy Fenton, ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gómìnà, ó di 1963 kí Aliyu Mai-Bornu tó gba ipò náà. Ní Íńdíà náà, wọ́n dá báńkì àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1935, ṣùgbọ́n ó di 1943 kí ọmọ onílẹ̀, C. D. Deshmukh, tó di gómìnà rẹ̀. Àga yìí wà lára àwọn tí amúnisìn máa ń pẹ́ kí ó tó dìde lórí rẹ̀. Ní ti BCEAO, ó di 1975 kí ọmọ Côte d'Ivoire, Abdoulaye Fadiga, tó di gómìnà rẹ̀.

Àwọn tó ti gbìyànjú láti jáde kúrò nínú faran náà wà níwájú Olympio bí àpẹẹrẹ, wọn kò sì fani mọ́ra. Guinea dá owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní March 1960 pẹ̀lú ìbínú, àwọn amí Faransé sì tẹ ayédèrú owó náà láti bà á jẹ́. Mali jáde ní 1962. Olympio kò tọ ipa yẹn. Ohun tó ń bá Faransé dúnàádúrà lé lórí ni faran Tógò tí yóò ṣì so mọ́ faran Faransé, tí ènìyàn yóò lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò ti ọwọ́ báńkì tó wà ní Lomé jáde. Kì í ṣe ìjà, ìwé àdéhùn ni. Nígbà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní May 1962, Tógò kò sí nínú wọn. Ní December 1962, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lomé fọwọ́ sí òfin tó dá Báńkì Àpapọ̀ Tógò sílẹ̀.

A kò ní fi í ṣe ẹni mímọ́. Ẹni tó lè fi sùúrù dúnàádúrà pẹ̀lú Paris fún oṣù gbáko kò ní sùúrù fún àwọn tó takò ó nílé. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Juvento tó bá a jà fún Ablɔɖe ní 1958 di ọ̀tá, wọ́n ju àwọn aṣáájú wọn sẹ́wọ̀n, nígbà tó sì fi di 1962, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù tó lè mí ní Tógò. Ìfowópamọ́ rẹ̀ náà ní ẹni tó ń pa lára. Àwọn ará apá òkè rí i pé ọwọ́ ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Láti ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Ogun Algeria parí ní 1962, Faransé sì tú àwọn sọ́jà Tógò tó bá wọn jà níbẹ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Kabiyè láti apá òkè. Wọ́n dé ilé láìní iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Tógò kò ju bí 250 ènìyàn lọ, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà wọ́n sínú rẹ̀. Olympio kọ̀. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà: orílẹ̀-èdè kékeré tí ẹnikẹ́ni kò gbógun tì kò nílò sọ́jà púpọ̀, owó oṣù wọn yóò sì jẹ ìṣúná run. Ó tún kórìíra pé wọ́n ti bá amúnisìn ja àwọn tó ń wá òmìnira. Gbogbo èyí dára nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìṣirò náà ni pé àwọn ọkùnrin yìí mọ ìbọn yìn, ebi sì ń pa wọ́n.

Ní òru mọ́jú 13 January, 1963, wọ́n wá sí ilé rẹ̀ ní Lomé. Ó fo ògiri bọ́ sínú ọgbà ilé aṣojú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó sì sá pamọ́ sínú ọkọ̀ kan tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú un jáde, wọ́n sì yìnbọn pa á lẹ́nu géètì. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Emmanuel Bodjollé ló ṣáájú àwọn sọ́jà náà, ṣùgbọ́n Étienne Eyadéma ló sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sẹ́ ẹ lẹ́yìn náà. Kò tíì sí ààrẹ ilẹ̀ adúláwọ̀ kankan tó ti gba òmìnira tí wọ́n pa báyìí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá ààlà lọ sí Agoué, níbi tí Francisco bàbá bàbá rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé torí owó tuntun yìí ni Faransé ṣe ní kí wọ́n pa á. A ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, a sì mọ ìdí tó fi dùn ún gbà gbọ́: oṣù kan péré ló wà láàárín òfin báńkì àti ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti Paris ni àṣẹ ti wá. Ohun tí ó hàn sí wa ni pé ọwọ́ kan náà tó kọ̀ láti gba owó Faransé ló kọ̀ láti sanwó fún àwọn sọ́jà. Kò lè dá báńkì sílẹ̀ tí ìṣúná bá ń jò, kò sì lè dí ibi tó ń jò láìní ọ̀tá. Bóyá ì bá ti yè bí ó bá gba bí ọgọ́rùn-ún méjì ọkùnrin síṣẹ́ ọba. Àwọn kan nínú wa rò bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní wọn ì bá padà wá béèrè sí i. A ti jiyàn rẹ̀ títí, a kò parí rẹ̀.

Grunitzky ni wọ́n pè padà láti wá jẹ ààrẹ. Ní November ọdún 1963 yẹn gan-an, Tógò wọ ẹgbẹ́ owó tí Olympio kò wọ̀, òfin Báńkì Àpapọ̀ Tógò sì di ìwé tó wà nínú àpótí. Eyadéma gba ìjọba ní 13 January, 1967, ọjọ́ ìrántí ikú náà gẹ́lẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2005. BCEAO kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Paris lọ sí Dákà ní 1978. Ní January 1994, wọ́n gé CFA sí ìdajì, 100 di faran Faransé kan, àwọn ìdílé tó ń ra oògùn òkèèrè ní Atakpamé àti Notsé sì rí i pé owó ọwọ́ wọn ti di ààbọ̀ ní òru kan ṣoṣo. Àdéhùn tuntun wáyé ní December 2019 láti fòpin sí fífi owó òkèèrè pamọ́ sí Paris, wọ́n sì kéde pé orúkọ owó náà yóò di Eco, ṣùgbọ́n CFA ni wọ́n ṣì ń ná.

Ẹni tó bá mú owó bébà CFA lọ́wọ́ nínú ọjà Notsé, tó sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa, yóò rí lẹ́tà kan níbẹ̀ tó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè. A ni ti Côte d'Ivoire, B ni ti Benin, K ni ti Senegal. Èyí tí wọ́n bá kọ T sí ni ti Tógò.